Òdòdó Bàbà

Iná orí pẹpẹ tàn yòò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù náà.

Màmá Wáyà, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè é, dúró gbagidi. Orí àga olóògbé ọkọ rẹ̀ ló ju bọ́ọ̀dù kékeré ọ̀hún sí, lórí òkìtì aṣọ tó fẹ́ lọ̀.

Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ṣe fúnra rẹ̀ ni, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ; iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ránṣẹ́ láìlo wáyà sí ẹ̀rọ orí pẹpẹ, kí iná sì tàn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀, kò ṣiṣẹ́ àfi bí ara ènìyàn bá kàn án. Bó bá ti gbé e kalẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Àfi kí wọ́n fọwọ́ kàn ọ́ kó o tó fọhùn?" Ó ti rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ fi ń mì. "Àṣé ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́!"

Ó mọ ohun tó fà á. Abẹ́ àńtẹ́nà, ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń ránṣẹ́ jáde, gbọ́dọ̀ ṣófo, bàbà kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe ló kọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tó ń ya bọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà, ó rí àyè òfìfo náà, ó ya òdòdó bàbà sí i. Ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń ṣe bọ́ọ̀dù lóge! Òdòdó yẹn ló dí i lẹ́nu, àfi bí ara ènìyàn bá ràn án lọ́wọ́.

"Kó aṣọ kúrò lórí ọkọ ẹ, jàre," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú."

"Mo mọ̀. Ìyẹn wá ní kó o da kọ́mú lé e lórí?"

Màmá Wáyà kó aṣọ náà sórí tábìlì, ó gbé bọ́ọ̀dù lé e. Iná kú. Ó gbé e sórí àga tirẹ̀. Kò tàn. Ó gbé e padà sórí àga ọkọ rẹ̀, lórí tìmùtìmù lásán.

Iná tàn.

Nítorí ẹ̀gbọ́n yìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. Ìrántí rẹ̀ ti ń já. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jáde tí kò mọ̀nà ilé. Nígbà kejì, ẹ̀bá odò ni wọ́n ti rí ẹ̀wù rẹ̀ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀wù yẹn ni bọ́ọ̀dù yóò wà. Ó gbọ́dọ̀ lè ké láìsí ara ènìyàn nínú ẹ̀wù.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí òun bá pa òdòdó rẹ́, bọ́ọ̀dù tuntun yóò fọhùn níbi gbogbo. Àga kan kò ní yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Kò sì lè tọ́jú ti àtijọ́: ẹ̀rọ ìránṣẹ́ orí rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ní, yóò ní láti tú u kó tó lè fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà lára ògiri.

Màmá Wáyà pa òdòdó náà rẹ́. Ó fi àwòrán ránṣẹ́.

Oníṣẹ́ tó máa ń bá a tẹ bọ́ọ̀dù pè é kíákíá. "Màmá, ó ti wọlé o. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ó ti délé yín."

"Ṣé kò lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá! Kí n yára làwọn yòókù ń bẹ̀ mí."

Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà síbi fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó wọ́ àga tirẹ̀ lọ síwájú èyí tí bọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀, ó jókòó, ó sì ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀, kí àyè lè gba ẹsẹ̀ mẹ́rin, tirẹ̀ méjì, ti ọkọ rẹ̀ méjì.