Ọlọ́pàá Tó Pọn Màmá Kọjá Àgbàrá

Ọjọ́ tí Adékẹ́mi gbé fídíò kan sórí Fésíbúùkù, ẹni tó yẹ ká yìn ló rò pé òun ń yìn. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, kì í sì í ṣe ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ sóde. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn kọjá ohun téèyàn ń pa mọ́ra.

Òun àti màmá rẹ̀ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Sùúrùlérè, òjò ká wọn mọ́bẹ̀, àgbàrá sì bo gbogbo títì. Màmá ní òun á rọra là á kọjá. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi yọ̀ sínú gọ́tà. Adékẹ́mi figbe ta. Àwọn èrò yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló kó sómi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó fa ìyá àgbà yọ, ó gbé e pọ̀n, ó sì pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn. Bọ́lárìnwá ni orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Adékẹ́mi fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó lè máa bá wọn béèrè àlàáfíà Màmá. Ọ̀kan nínú àwọn èrò náà fi fídíò tó yà ránṣẹ́ sí i, òun ló gbé sórí Fésíbúùkù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn tó ti wo fídíò náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú wọn tán,” ni ẹnì kan kọ. Òmíràn ní, “Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni? Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún panápaná tó bá paná?” Ẹlòmíràn ní àwọn ọlọ́pàá ló gbé eré náà kalẹ̀. Ìyẹn bí Adékẹ́mi nínú. “Màmá mi ni! Mo wà níbẹ̀!” ló ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ fi bá ohun tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Aneesah kọ:

“Ọwọ́ tó gbé màmá yín yìí ló fọ́ ojú àbúrò mi.”

Àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀.

Adékẹ́mi pa ohun tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ́.

Ó kọ̀wé sí Aneesah, ìyẹn sì júwe ilé. Nígbà tó dé Ìwáyà ní Sátidé, ẹja ni Aneesah ń tò sórí ààrò. Kò kí i káàbọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ní ọlọ́pàá àtàtà?”

“Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.”

Aneesah sọ ọ́ láìgbójú sókè. Ọdún méjì sẹ́yìn, Quadri àbúrò rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Bọ́lárìnwá bá kọ̀ǹpútà nínú báàgì rẹ̀, ó ní ọmọ yàhúù ni. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó fi irin ẹnu bẹ́líìtì nà án lójú. “Lẹ́tà mẹ́ta la kọ sí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.”

“Irọ́ ni” ti dé ètè Adékẹ́mi, ó gbé e mì. Quadri fúnra rẹ̀ jáde látinú yàrá. Ojú òsì rẹ̀ funfun bí ẹfun.

“Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ṣé ara Màmá ti yá?”

Ẹkún ló gbọn Adékẹ́mi. “Màá pa fídíò yẹn rẹ́ lónìí.”

“Ẹ má pa á rẹ́,” ni Quadri wí. “Ó gbé Màmá lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wò ó. Mò ń wá ibi tó ti jọ ẹni tó nà mí, mi ò rí i. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹ ṣáà kọ tèmi mọ́ ọn.”

Adékẹ́mi kọ ọ́ mọ́ fídíò náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èébú rọ̀ bí òjò. “Aláìmoore! Ẹ̀yìn tó pọn ìyá ẹ lò ń sọ lókò!” Èyí tó dùn ún jù wá láti ọ̀dọ̀ Mobọ́lá, olùkọ́ bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán: “Wọn kì í na èèyàn lásán.” Adékẹ́mi kà á títí, bí ẹni pé ó máa yí padà.

Bọ́lárìnwá pè é lọ́jọ́ Àìkú, bí Adékẹ́mi àti Màmá ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

“Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín? Èmi tí mo pọn màmá yín!”

“Ẹ pọ̀n ọ́n, a ò ní gbàgbé. Ṣé ẹ na ọmọ yẹn?”

Adékẹ́mi ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé kan lẹ́yìn Bọ́lárìnwá nínú fóònù.

“Ó ti pẹ́,” ló wí.

Adékẹ́mi ti múra sílẹ̀ fún kó sẹ́. Kò múra sílẹ̀ fún èyí. Màmá, tó ti ń gbọ́ ọ lórí àga, nawọ́ gba fóònù.

“Bọ́lárìnwá, èmi tó o pọ̀n ni. Mò ń gbàdúrà fún ẹ, mi ò sì ní jáwọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó bá fọ́ kì í hù padà. Lọ bá ọmọ yẹn.”

Fóònù já.

Ní Ọjọ́rú, àtẹ̀jíṣẹ́ Aneesah wọlé: “Ó wá. Kò wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò jẹ́ kó wọlé. Látìgbà yẹn, Quadri ń bínú sí mi. Ó ní òun ló yẹ kó lé e, kì í ṣe èmi.”

Adékẹ́mi kà á sí Màmá létí. Màmá kàn mirí. Adékẹ́mi tẹ ọ̀rọ̀ méjì sí Aneesah, “Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, ó tún pa á rẹ́.