Kòkòrò Tí Dúródọlá Sá Sóòrùn

"Láti ọdún yìí lọ, ẹni tó bá fẹ́ rí àgbàdo tó bu nínú ilẹ̀, kó gba oko ẹlòmíràn lọ." Iwájú ilé Dúródọlá ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ìlúpéjú péjọ sí, Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀. "Bí ti ìyàwó mi bá fi lè hù ju tèmi lọ, mo fún un ní ilẹ̀ ẹ̀bá títì."

Beatrice, ìyàwó rẹ̀, gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọrọ ilẹ̀ náà, kó lè gbin ata tí yóò máa tà fún èrò ọkọ̀.

Ilésanmí, òṣìṣẹ́ àgíríìkì, ń po ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ògì tútù nínú igbá Beatrice kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Kòkòrò rere ni, ojú ò lè rí i. Bí ẹ bá fi pa irúgbìn lára, yóò máa ṣọ́ ọ, àrùn tó ń mú un bu ò ní ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe—"

"Ó ti yé mi," ni Dúródọlá wí, ó gba ike ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oòrùn ni Ilésanmí fẹ́ dárúkọ.

Nígbà tí èrò tú ká, Dúródọlá wo inú ike náà títí, kò rí kòkòrò kan. Ó ní wọ́n ń sùn ni. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí irú wọn: bí kòkòrò bá wọ ẹ̀wà, orí àpáta ni wọ́n ń sá a sí, oòrùn á mú un, kòkòrò á sì máa rọ́ jáde. Ló bá da ìyẹ̀fun sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi táwọn aráàdúgbò ti ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó jókòó tì í.

"Kí lẹ ń wò, Bàbá Ìfẹ́dayọ̀?" ni Beatrice bi í.

"Àwọn ọmọ ogun mi."

"Wọ́n dà?"

"Ojú ń tì wọ́n."

Nígbà tó kó ìyẹ̀fun náà, ó fi pa irúgbìn tirẹ̀ lára, kò bù fún ìyàwó rẹ̀. Beatrice ò bá a jà. Ògì tí Ilésanmí fi sílẹ̀ nínú igbá ló ń dùn ún, kò fẹ́ dà á nù. Ó da irúgbìn tirẹ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó lọ gbìn ín.

Òjò rọ̀. Ti Beatrice yọrí, ó tò bí ọmọ iléèwé. Ti Dúródọlá hu irun funfun bí òwú, ó jẹrà sínú ilẹ̀.

Ilésanmí padà wá. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àpáta, ó wá ibi jókòó.

"Bàbá, ẹ yan wọ́n jẹ ni. Oòrùn ti pa gbogbo wọn. Àwọn tó yè, inú igbá màmá ni wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ ká fojú ara wa rí i lóko," ni Dúródọlá wí.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ewúrẹ́ Àrìnkẹ́, aládùúgbò wọn, ń jẹ èyí tó kù lápá ti Beatrice. Àrìnkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú okùn dé ni.

Ojú Dúródọlá là. "Tèmi ò sí, tìrẹ ò sí. Ọ̀mì ni."

"Ọ̀mì kọ́," ni Beatrice wí. "Ṣé ewúrẹ́ kan dé apá tiyín?"

Kò sí ẹyọ kan. Ilésanmí ní ẹ̀rí nìyẹn, kòkòrò rere ti borí.

"Ó dáa," ni Dúródọlá wí. "Gba ilẹ̀ ẹ̀bá títì."

Beatrice kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kó tó dìde, ó ti ń fẹnu pín ebè ata.

Àrìnkẹ́ ń so okùn mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn. "Ilẹ̀ ẹ̀bá títì yẹn? Ibẹ̀ làwọn ewúrẹ́ mi ń sùn."