Oògùn Etí Ìró

Ọjọ́ Alámísì ni Màmá Rọ̀kíbátù ṣubú. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ tí Fàlílátù ọmọ wọn tẹ̀ ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ tó wọ inú fóònù Mátírọ́nù. Láti Ọjọ́rú ló ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 2006 yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa ṣe bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mátírọ́nù Adélàjà kà á sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní Ìgbògbò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá fẹ́ gbààwẹ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn lóògùn ṣúgà kí wọ́n tó ṣínu."

Mátírọ́nù mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Oògùn ṣúgà nínú ikùn òfìfo! Ọlọ́run ló yọ wá. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìtẹ́olúwa nìkan ni kò lè gbójú sókè. Òun ló pín oògùn láàárọ̀ Alámísì.

Nọ́ọ̀sì tuntun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù méjì nínú oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán ènìyàn wò níbẹ̀. Oògùn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Nílé ẹ̀kọ́, orúkọ lásán ni wọ́n. Níbí, wọ́n ní ojú, wọ́n sì ní ìwà. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ nípa wọn bí ẹni ń kọ nípa aládùúgbò. "Èyí tó pupa, ti ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Ọláwuyì: bí wọ́n bá mu ún, kí wọ́n má sáré dìde, òòyì á kọ́ wọn. Èyí tó ń mú ni tọ̀: àárọ̀ ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní sùn. Èyí funfun gbọọrọ, ti ṣúgà Màmá Rọ̀kíbátù: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, kí oúnjẹ sì wà nínú wọn."

Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ sórí, a sì máa rò ó fún àwọn àgbà láràárọ̀ bó bá ń pín in. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe. Òfin ilé náà ni pé kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí ìwé, kó ní kí àgbà lanu, kí wọ́n gbé ahọ́n sókè, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé oògùn ti lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fọwọ́ sí ohun tí kò rí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa kúnlẹ̀ kí àgbà yóò ṣe ní kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún gbé ahọ́n sókè? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò, Màmá, tó ta ẹja fún ogójì ọdún l'Éjìnrìn, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kí n lanu? Ṣé ẹja ni mí, tí o fẹ́ wò ó bóyá mo ti ń rà?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìtẹ́olúwa kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé oògùn lé Màmá lọ́wọ́, a yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti gbé e mì.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, ó gbé omi lọ fún Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìtẹ́, jókòó. Dárí jì mí."

"Kí lẹ ṣe, Màmá?"

"Mo ti ní kí Fàlílátù bá mi sọ fún Mátírọ́nù pé mo fẹ́ gbààwẹ̀. Nígbà tí o gbé oògùn dé láàárọ̀ àná, mo rò pé wọ́n kọ̀ ni. Mi ò bá ọ jà, mo so ó mọ́ etí ìró. Nígbà tí mo ṣínu, tí wọ́n fún mi ní ti ìrọ̀lẹ́, mo ní kí iṣẹ́ rẹ má ṣòfò. Mo kó méjèèjì mì pọ̀, mo fi dàbínù kan àti omi tì í. Lara bá ń gbọ̀n. Òógùn bò mí, mo ṣubú. Ìgbà tí mo fi mọ̀, adùn glúkóòsì Mátírọ́nù ló wà lẹ́nu mi."

Ojú ti Ìtẹ́olúwa dé egungun. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dókítà ń bọ̀ laago mẹ́rin. Yóò ka ìwé, yóò gbà pé ẹyọ kan ti lágbára jù fún Màmá, yóò dín in kù, ṣúgà yóò sì tún máa gòkè. Ọwọ́ òun ló kọ irọ́ yẹn.

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbẹ́nu rẹ dákẹ́. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, jẹ́ kó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá lé ọ, ta ni yóò máa rojọ́ funfun gbọọrọ fún mi láàárọ̀?"

Ìtẹ́olúwa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó tọrọ àforíjì. Èmi ni mi ò wo ẹnu yín. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì tí mo ti ń kọ ohun tí mi ò rí. Mò ń lọ sọ fún Mátírọ́nù báyìí, kí Dókítà tó dé. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Bí wọ́n bá ní kí n dúró, nírọ̀lẹ́ òní ẹ ó lanu fún mi, Màmá, màá sì wò ó."