Àjókù Àbẹ́là

"Màmá Ìmọ́lẹ̀, ẹ tún un wò dáadáa. Bóyá ojú yín ni kò rí i."

Màmá Bùsúyì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ló gbọ́ ọ. Naomi, Màmá Ìmọ́lẹ̀ náà, tún un wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí onígi tó wà níbẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Pákó ìsàlẹ̀ ló bá. Àpótí tó yẹ kó ti kún dé ẹnu, ẹyọ àjókù àbẹ́là méjì mẹ́ta ló kù níbẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igun bí ẹni tó sá pamọ́.

Ní Ìjọ Òkè Ìtùnú ní Àgọ́-Ìwòyè, àjókù àbẹ́là kì í ṣe pàǹtí. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ rìnrìn àjò a tan aláwọ̀ búlúù, ẹni tó ń wá ọmọ a tan pupa, aláìsàn a tan funfun. Bí àbẹ́là bá jó dé ìdí, wọ́n gbà pé ẹ̀bẹ̀ ẹni tó tàn án ṣì wà nínú èyí tó kù. Nítorí náà, wọn kì í dà á nù. Inú àpótí yìí ni wọ́n ń kó o sí, títí di ọjọ́ ìkẹyìn ọdún tí wọn yóò jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú iná kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí yàrá náà, ọwọ́ Naomi ló sì wà. Òun ni wọ́n ń pè ní Màmá Ìmọ́lẹ̀, oyè tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbígbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbà.

"Ẹni tó kó àjókù àbẹ́là, ìràwọ̀ ènìyàn ló kó," Màmá Bùsúyì tún sọ, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Àbẹ́là Bùsúyì ọmọ mi wà níbẹ̀. Torí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni mo ṣe tàn án. Abájọ tí àwọn tó ń fúnni níwèé fi ń ní kó lọ kó bọ̀, kó lọ kó bọ̀!"

Bàbá Àpósítélì gbé ọwọ́ sókè. Àgbàlagbà tí kì í bínú ni, ìdí tí gbogbo ìjọ sì fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Màmá Ìmọ́lẹ̀, ẹ lọ sílé, ẹ lọ rò ó. Bó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tí a kò rí wọn, ẹ ó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú ìjọ."

"Bàbá, ẹ̀yin náà rò pé èmi ni?"

"Èmi ò rò nǹkan kan, ọmọ mi. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń wò."

Bí Naomi ti ń lọ sílé, kò sẹ́ni tí kò fura sí. Ó fura sí olórí akọrin, tó máa ń pẹ́ lẹ́yìn ìsìn láìnídìí. Ó fura sí Màmá Bùsúyì fúnra rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ojú obìnrin náà ti wà lára kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ó tilẹ̀ fura sí Bàbá Àpósítélì, ó sì yára tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò wá sí i lọ́kàn ni ọkùnrin tí ó ń lọ sílé lọ dáná fún.

Ọkùnrin náà ni ọkọ rẹ̀, Dókítà Ọládàpọ̀ Ọ̀ṣuntọ́lá, olùkọ́ ní yunifásítì. Pátákó orúkọ tó wà lẹ́nu géètì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju géètì náà lọ, nítorí gbogbo oyè ìwé tó gbà ló kọ sí i, títí kan èyí tí kò tíì gbà tán. Ó lọ sí Jámánì rí fún ìpàdé àwọn onímọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde kó má kọ́kọ́ gba Jámánì kọjá. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fẹ́, aṣọ òtútù tó rà bọ̀ ni yóò wé mọ́ ọrùn, ìbáà ṣe inú oòrùn.

Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni Naomi bá a, níbi tó ti ń ti àgádágodo mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Àpótí irin ni ẹ̀rọ náà, ó kùn ún dúdú, ó fi gíláàsì bo orí rẹ̀, ó sì fi ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlagi Ìjẹ̀bú-Igbó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ooru má baà jáde. Páìpù omi gba inú rẹ̀ wọ balùwẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, omi gbígbóná ni Dókítà fi ń wẹ̀ ní ìdájí, láìsí iná mọ̀nàmọ́ná, láìsí gáàsì. Kò sì sẹ́ni tó rí inú àpótí náà rí.

"Wọ́n ti jí àjókù àbẹ́là kó ní ṣọ́ọ̀ṣì," Naomi sọ.

"Àjókù?" Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́. "Kí lèèyàn fẹ́ fi àjókù ṣe? Má dá wọn lóhùn. Gbọ́ mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwálé ń bọ̀ níbí ní Sátidé! Olórí ẹ̀ka wa fúnra rẹ̀, ó fẹ́ wá wo fééṣì ṣéńjì mi."

"Fééṣì kí ni?"

"Ohun tó wà nínú àpótí yìí. Bí oòrùn bá pa á, yóò yọ́ bí epo. Bó ṣe ń yọ́ yẹn, ooru ló ń gbé mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà, yóò sì máa pọ ooru náà jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Nígbà tí mo wà ní Jámánì..."

Naomi kò gbọ́ ìyókù. Ohun kan ló ń yí lọ́kàn rẹ̀: ọkọ òun kò bi òun pé ta ni wọ́n fura sí.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣùkúrát, aládùúgbò wọn tó ń ránṣọ, na ọrùn kọjá ọgbà sí Naomi.

"Ìyá Jùwọ́nlọ, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn mí o, wallahi. Àmọ́, ìsìn wo lẹ máa ń ṣe lọ́jọ́ Ọjọ́rú, lọ́wọ́ ọ̀sán?"

"Kò sí ìsìn lọ́jọ́ Ọjọ́rú."

"Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n." Ṣùkúrát fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Nítorí Dókítà máa ń wọ sùtánà jáde lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ń lọ, á rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tó bá ń bọ̀, á ti sanra. Ọkùnrin tó bá ń wọṣọ àdúrà lọ́jọ́ tí kò sí àdúrà, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Obìnrin ni Naomi kọ́kọ́ rò. Lẹ́yìn náà ló ro ohun tó burú ju obìnrin lọ: àpótí dúdú, àgádágodo, ọkùnrin tó ń dá dúró tì í tí ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ṣé kí òun máa sùn ti ẹni tó ń wá agbára níbi tí kò yẹ? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kó tó jẹ oúnjẹ inú ilé ara rẹ̀, oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ sè.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ju sùtánà Dókítà sínú ọpọ́n láti fọ̀ ọ́. Àpò kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òun ló rán an, ohun líle kan sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi imú kàn án. Òórùn tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Kò fọ aṣọ náà mọ́. Ó gbé e wọ pálọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì fi èékánná ha àpò náà. Ègé kékeré kan já bọ́: búlúù tó ní pupa lára, pẹ̀lú òwú dúdú kan láàárín.

"Kí nìyí, Dókítà?"

Dókítà wo ègé náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Haidirokábọ̀nù ni."

"Mo ní kí nìyí?"

"Naomi, jókòó. Ìda lásán ni. Ìda kò mọ búlúù yàtọ̀ sí pupa, kò sì mọ àdúrà. Ó ń yọ́, ó ń dì, ó parí."

"Ẹ sì sọ fún gbogbo ayé pé láti Jámánì ló ti wá."

"Ìmọ̀ rẹ̀ ti Jámánì wá."

"Àbẹ́là kún ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ló dé tí ẹ ò lọ rà á?"

"Kí n gbé páálí àbẹ́là gun ọ̀kadà la Àgọ́-Ìwòyè já?" Ẹnu yà á pé ìyàwó òun lè ro irú rẹ̀. "Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa wò mí? Kí wọ́n ní, Jámánì tí Dókítà ń wí, ṣé ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó náà ni?"

Naomi rọra jókòó. "Wọ́n ní èmi ni mo kó o. Wọ́n ní ìràwọ̀ ènìyàn ni mò ń kó."

"Ṣáà kó kọ́kọ́rọ́ yẹn fún wọn kí ara tù ọ́. Kí ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì? Bí mo bá di Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n nìwọ náà. Oyè wo ló tún kù láyé?"

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó dun Naomi jù nìyẹn: kì í ṣe ìkà, ó rò pé ohun dáadáa ni òun fi lọ̀ ọ́. Naomi ká sùtánà náà, ó gbé e dání, ó sì gba ọ̀nà ilé Bàbá Àpósítélì lọ.

Kò sọ ohun tó rí fún un. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ bá mi mú Màmá Bùsúyì dání wá sílé wa ní Sátidé. Ọkọ mi fẹ́ fi nǹkan han àwọn èèyàn."

Ní àárọ̀ Sátidé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwálé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí sùtánà funfun méjì wọ géètì láìwọ bàtà. Dókítà fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló pè wọ́n?"

"Èmi ni. Ṣebí ẹ ní kí gbogbo ayé wá wò ó."

Kúlà tòtútù ni Dókítà kọ́kọ́ ṣí fún wọn. Iná kò tíì dé láti àárín ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ ẹja tí wọ́n rà ní Ìwòpin tó wà láàárín àwọn ike omi ṣì le gbagidi.

"Omi oníyọ̀ ni mo rọ sínú ike wọ̀nyí. Bí iná bá dé, wọ́n á dì nínú fíríìjì. Bí iná bá lọ, wọ́n á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹja kò sì ní gbóná títí wọn yóò fi yọ́ tán."

Màmá Bùsúyì bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹja náà tìfuratìfura. "Kò tíì rà," ó sọ, bí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Wọ́n dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Dókítà tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe. "Èyí ni baba wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀, láti Jámánì..."

"Ẹ ṣí i ká rí i," Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwálé sọ.

"Há, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ṣeé ṣí. Afẹ́fẹ́ yóò bà á jẹ́."

"Ohun tó ń yọ́ tó ń dì lójoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ yóò bà jẹ́?" Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Òun náà ti ń fura.

"Ká sọ òótọ́, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ ló sọnù."

"Nínú ilé yìí," Naomi sọ pẹ̀lẹ́, "kọ́kọ́rọ́ kì í sọnù. Rírìn ló máa ń rìn. Ó wà nínú àpò yín òsì, Dókítà."

Kò sí ọ̀nà mọ́. Ó ṣí i. Òórùn tùràrí bo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn agolo mílíìkì tò yí páìpù omi ká, ìda sì kún inú wọn: búlúù wọnú pupa, pupa wọnú funfun, òwú dúdú sì yọrí káàkiri.

"Yéè! Àbẹ́là Bùsúyì mi!" Màmá Bùsúyì ṣubú sórí eékún, ó ń wá búlúù tirẹ̀ láti agolo dé agolo. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti yọ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè yọ ẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nínú ti ẹnìkejì mọ́. Ó dìde, ó na ìka sí Naomi. "Ilé yín la ti bá a! Ṣé mo parọ́ bí?"

Bàbá Àpósítélì wo Naomi. Naomi wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Naomi dúró dè é kó jẹ́wọ́. 

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwálé ló sọ̀rọ̀. Ó ti mú agolo kan, ó ń yí i wò. "Dókítà, ṣé àjókù àbẹ́là ni èyí lóòótọ́? Kì í ṣe ti Jámánì?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú..."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Èyí tí ẹ bá rà ní Jámánì, ọjà lẹ ná, ẹ kò ṣèwádìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí a ń dà nù níbí ló ń tọ́jú ooru oòrùn di ìdájí, iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló ronú kàn án?"

Orí Dókítà gbé sókè díẹ̀díẹ̀, bí àkùkọ tó gbọ́ pé òjò ti dá.

"Èmi ni!" Ó lu àyà. "Èmi fúnra mi ni! Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lórí ìṣó nínú yàrá wa, èmi ni mo wọ sùtánà lọ kó o lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí rárá!"

Báyìí ni orúkọ Naomi ṣe mọ́: kì í ṣe pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbà á là, kò fẹ́ bá a pín ìyìn ni.

"Èmi ti ń sọ ọ́ látilẹ̀ pé kò lè jẹ́ Màmá Ìmọ́lẹ̀," Màmá Bùsúyì sọ, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí eékún.

Bàbá Àpósítélì kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Màmá Ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yin ni olùtọ́jú. Kí ni ká ṣe sí i?"

"Naomi," Dókítà sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí kò ti rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fẹ́ kí Díìnì, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, náà wá wò ó. Sọ fún wọn kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Naomi wo àwọn agolo náà. Ẹ̀bẹ̀ odidi ìjọ ni, tí wọ́n fi ń wẹ ẹ̀yìn ọkùnrin kan.

"Ẹ bá mi gbé wọn," ó sọ fún Bàbá Àpósítélì. "Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún ni wọ́n tọ́jú wọn dè. Ní ti Díìnì, kí Dókítà gun ọ̀kadà lọ sọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó lọ ra àbẹ́là. Kó lọ lọ́sàn-án gangan."

"Omi ìwẹ̀ mi lọ́la ńkọ́? Nínú ọyẹ́ yìí?"

Naomi ti gbé agolo méjì àkọ́kọ́. "Igi wà lẹ́yìnkùlé, Dókítà," ó dáhùn, ó sì ṣáájú àwọn yòókù gba ẹnu géètì jáde.