Ohun Tó Bu Nínú Àpò Ṣínà

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Harriet fi ṣa kòkó nínú sítóò kan ní Àpápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ hóró tó bá ti bu kúrò. Bí funfun bíńtín bá wà lára rẹ̀, Harriet á rí i, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní 1972, ó tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Patrick, onílẹ̀ kan lọ́nà Kirikiri, ó gbin àgbàdo. Iyanrìn ni wọ́n fi kún ilẹ̀ ọ̀hún. Ewé àgbàdo pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Patrick ní bí nǹkan gidi ò bá hù níbẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí, òun á máa gbé lọ́rì síbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn nìkan ló kù tó lè bọ́ Harriet.

Ṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí oko n'Íbàdàn, gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ kan wá. "Àǹtí, olú tíntìntín ló wà lára gbòǹgbò inú rẹ̀. Ó máa ń bá irúgbìn wá oúnjẹ dé ibi tí gbòǹgbò ò lè dé. Ẹ bù ú sínú ihò kẹ́ ẹ tó gbin àgbàdo." Ó padà s'Íbàdàn.

Harriet tú àpò náà sórí ẹní. Ó mà ṣe o! Gbòǹgbò wọ̀nyẹn ti bu, funfun wà lára wọn. Ọjọ́ méjì ló fi ṣà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bu iyẹ̀pẹ̀ tó kù sínú ihò, ó sì gbin àgbàdo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé àgbàdo tún pọ́n. Ṣínà dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Àǹtí! Ohun tí mo torí ẹ̀ wá gan-an lẹ ṣà dànù yẹn!"

"Dànù kẹ̀? Ta ló ń da ọjà tó bu nù kí àwọn tó ń yẹ ọjà wò tó fojú rí i?"

Harriet wọlé, ó gbé gbòǹgbò náà jáde. Ó ti dì í sápò, ó rán ẹnu rẹ̀, ó kọ déètì sí i.

Ṣínà ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí ìdí àgbàdo tuntun. Inú bí Harriet. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lé nǹkan yìí jáde ní Àpápá, ìwọ wá ní kí n máa kí i káàbọ̀." Ó bù ú ṣá, ó ń pòṣé sí ihò kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí oṣù kẹjọ ń parí lọ, Patrick mú awakọ̀ lọ́rì kan dání wá wọn ilẹ̀. Àgbàdo ga jù ú lọ, ó dúdú minimini. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, kí lẹ fi sí i?"

Ojú ti Harriet láti sọ pé nǹkan tó bu ni. "Ajílẹ̀ òyìnbó ni."

Patrick ní kó máa dáko rẹ̀ lọ. Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, Harriet kúnlẹ̀ láàárín ebè, ó sunkún ayọ̀ títí imú rẹ̀ fi dí. Ó rí gbòǹgbò kan tó yọrí síta, funfun wà lára rẹ̀. Ó rọra wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó.