Bò Wọ́n Ni, Àbí Bó Wọn?

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá mi kò fi wọ yàrá iṣẹ́ mi. Ayàwòrán ni mí. Agbẹ̀bí lòun, òun sì tún ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Àgùdà wa. Ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn, ó bá àwòrán obìnrin kan lára ògiri níhòòhò. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó pẹ̀yìn dà, kò tilẹ̀ dúró wo ojú obìnrin náà. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń na oúnjẹ sí mi, bí ẹni ń fún ajá tó ń gé èèyàn jẹ lóúnjẹ. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí wọra.

Nígbà tí Fádà wá ní kí n tún àwòrán Ádámù àti Éfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìrìbọmi ṣe, inú mi dùn ṣìnkìn. Tipátipá ni Màmá á fi rí iṣẹ́ mi, torí kò lè tìtorí mi pa Mísà jẹ. Ẹnì kan ti kun ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ fún àwọn méjèèjì láti ọrùn dé kókósẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀dà ẹ̀wù náà ti ń bó, orúnkún Ádámù sì ti yọjú.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi Fádà lórí fóònù ohun tí mo máa ṣe sí ẹ̀wù náà. Ó fèsì pé: “E bo won daadaa ki Bisoobu to de.”

Fádà wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní ìka òun tóbi jù. Èmi náà kà á bí ọkàn mi ṣe fẹ́: ẹ bó wọn. Mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bó wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ló wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn! Ara wọn ń dán, ẹ̀ka igi kan kọjá níbi tó yẹ kó gbà kọjá, ìdodo sì wà níkùn Ádámù tí obìnrin kankan kò bí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá gbé ìgbálẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wá.

“Yéè! Ta ló tú àwọn òbí wa àkọ́kọ́ síhòòhò?”

“Fádà ló ní kí n bó wọn, Màmá.”

Fádà sáré jáde láti yàrá aṣọ Mísà. “Bò ni mo wí! Kí ẹ kun ẹ̀wù tuntun bò wọ́n!”

“Ẹ jọ̀ọ́ Fádà, àmì ọ̀rọ̀ náà dà?”

Fádà wo fóònù, ó wo ìka rẹ̀. Màmá ti gun àga. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo Éfà, ó fi aṣọ tábìlì bo Ádámù.

“Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ? Àwọn méjèèjì wọ ara wọn nìyẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Bíṣọ́ọ̀bù ká ìborùn náà sókè. Ó wò ó títí, ó ní ta ló ni ín.

“Èmi ni, Bàbá,” Màmá dáhùn.

“Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Ìyá?”

“Agbẹ̀bí ni mí, Bàbá.”

“Tí ẹ bá ń gbẹ̀bí, ṣé ẹ máa ń dijú ni?”

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bíṣọ́ọ̀bù ní Ọlọ́run ló dá ara, òun ló sì ní ó dára. Ó ní ojú tó ń sọ ara ẹlòmíràn di ọjà ló ń dẹ́ṣẹ̀. Ó wá yára fi kún un pé òun kò ní kí ẹnikẹ́ni wá sí Mísà bí Ádámù o.

Màmá gba ìborùn rẹ̀, ó sì ṣíwájú mi lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ Màmá wọlé sórí fóònù mi: “Bo aworan yen. Mo n bo.”

Bò ó ni, àbí bó o? Mo ta aṣọ bo àwòrán obìnrin náà, mo tún ká a dé ìdajì, mo sì dúró bí òmùgọ̀.

Màmá wọlé. Ó wọlé! “Bí o ṣe bó Éfà ni mo ní kí o bó èyí náà,” ló wí, ó sì fa aṣọ náà kúrò. Ojú obìnrin náà ló kọ́kọ́ wò lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ló wo ikùn rẹ̀, níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ gígùn kan wà.

“Èmi nìyí.”

“Ẹ̀yin ni, Màmá. Ibẹ̀ ni mo gbà wáyé. Ó yẹ kí n ti gbàyè lọ́wọ́ yín kí n tó yà á. Ẹ má bínú.”

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún ara mi.” Ó fi ìka tọ àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá fa àga, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

“Mú pẹ́ńsù rẹ. Má wo ọrùn aṣọ mi, n ò ní bọ́ nǹkan kan. Ojú yẹn ni kí o tún yà. O ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.”