Ẹyẹlé Kò Lọ

Ó kán yíǹkì dúdú sí omi tí wọ́n fà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, ó sì gbójú lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọ̀gá wọn ní yàrá àyẹ̀wò ọsibítù ti ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó. Ó ní rárá, ọmọ ìyá òun ni.

Kò wá kòkòrò àrùn pẹ́ kó tó rí wọn. Nínú yíǹkì tó ṣú, wọ́n hàn róbótó-róbótó, aṣọ funfun tó nípọn yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ìran olú ni wọ́n. Nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti gbẹ, wọn ò ju eruku lọ. Ẹ wá wo ìwà ìkà: bí èèyàn bá ti fà wọ́n símú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n á da aṣọ bora, títí wọ́n á fi tóbi ju ẹnu àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé wọn mì, wọ́n á sì bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Ó ti rí i lára ọmọ ọlọ́mọ rí, ó kọ èsì rẹ̀, ó lọ jẹun. Lónìí, ó mú èsì náà lọ bá dókítà fúnra rẹ̀.

Dókítà ní àwọn á lo oògùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó wá. Kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹyẹlé, tó máa ń sọ pé àwọn ẹyẹ òun ò jẹ́ kóun ráyè fẹ́yàwó, dijú lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìmọ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ béèrè èsì.

"Àǹtí mi, ṣé àwọn ẹyẹ mi ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun."

Irọ́ ni. Kò tíì dé ilé ẹyẹ náà láti àná.

Bó ṣe kúrò ní ọsibítù, tìbínú-tìbínú ló fi gun òkè ilé wọn, ó fi ìbòmú bo imú. Ó ṣí ilé ẹyẹ sílẹ̀ gbayawu, ó fi ìgbálẹ̀ lé wọn jáde, ó ń ṣépè fún wọn. Gbogbo wọn fò lọ. Ó jókòó, ó sunkún, ó rò pé òun ti rí nǹkan kan ṣe.

Wọ́n yípo lójú ọ̀run, wọ́n sì padà bà síwájú rẹ̀. Ó tún lé wọn. Wọ́n tún dé. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá wọn, pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ló gbé ikú ọ̀hún wá.

Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bu àgbàdo. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé wọ́n ti jẹun. Ó kéré tán, ìyẹn ò ní jẹ́ irọ́ mọ́.